Èèpo Igi Tí Wọ́n Fi Ń Pa Ariwo Lẹ́nu Mọ́

Ní sáà tó kọjá, mẹ́ta nínú wa jọ gbé yàrá kan níta ọgbà ilé-ìwé. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí jẹnẹrétọ̀ onílé. Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ni ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata wà, lẹ́yìn ìyá aláta ni ilé àdúrà kan wà tó gbé sípíkà mẹ́rin sórí òrùlé. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò sẹ́ni tó lè ka ojú ìwé méjì kó rántí ohun tó wà nínú rẹ̀, a lọ tọrọ páálí ẹyin lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́yin tó wà létí títì. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti òkè dé ilẹ̀, nítorí a ti rí i nínú fídíò pé páálí ẹyin máa ń gba ariwo mu. Ariwo ò kúrò. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé bí àwa fúnra wa bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wa kì í dún bíi ti ẹni tó wà nínú kànga mọ́. Àwọn aáyán sì fẹ́ràn páálí náà ju bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ nípa ilé yíyà wá kí wa, ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èèpo igi ló yẹ kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn." A rò pé ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èèpo igi tí àwa mọ̀ ni èyí tí ìyá àgbà máa ń sè lágbo nígbà tí ibà bá dé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Kọ́ọ̀kì ló ní lọ́kàn, àríyànjiyàn tó sì tẹ̀ lé e gba gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ ni ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ti jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, kọ́ọ̀kì, ó ti pẹ́ lẹ́nu wa. Irin tó wà lórí ìgò mínírà àti bíà ni a ń pè bẹ́ẹ̀, tí a sì fi ń ṣeré nígbà tí a wà ní kékeré. Kí ló kan irin pẹ̀lú kọ́ọ̀kì? Ní ọdún 1892, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Painter, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ìdérí onírin tó ní eyín yí ká. Kí gáàsì inú ìgò má bàa jò, ó fi èèpo igi kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ kan sínú irin náà. Nígbà tó yá, ike rọ̀pọ̀ èèpo igi, orúkọ nìkan ló kù. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní kí wọ́n bá wa ṣí kọ́ọ̀kì, igi kan tí a ò rí rí là ń dárúkọ.

Igi náà wà ní etí òkun Mediterenia, lápá ìwọ̀-oòrùn: Pọ́túgà, Sípéènì, Mòrókò, Àlùjíríà, Tùnísíà, gúúsù Faransé àti Ítálì. Àwọn ará Pọ́túgà ń pè é ní sobreiro. Nínú gbogbo kọ́ọ̀kì tí wọ́n ń kó jáde láyé, nǹkan bí ìdajì ló ń wá láti Pọ́túgà, pàápàá láti agbègbè Alentejo. Ó tún wà lórí àwọn òkè Algarve, ní gúúsù pátápátá, níbi tí ìlú kan wà létí òkun tó ń jẹ́ Lagos. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ tí àwọn Pọ́túgà fún Èkó náà nìyẹn. Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú tó láriwo jù lọ ní ilẹ̀ wa kò jìnnà sí igbó èèpo igi tí ń pa ariwo.

Bí wọ́n ṣe ń bó o ni ohun tó yà wá lẹ́nu jù. Igi lásán, bí ẹ bá bó èèpo rẹ̀ yí ká, ó máa kú, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń ṣe ń gbà dé gbòǹgbò. Ẹni tó bá ti rí igi ọ̀gànwó tí àwọn eléwé-ọmọ ti bó láìfi ibì kan sílẹ̀ mọ bí ìparí rẹ̀ ṣe ń rí. Sobreiro yàtọ̀. Èèpo rẹ̀ ní awọ méjì: ti òde, tó ti kú, tó nípọn, tó fúyẹ́, àti ti inú, tó ṣì wà láàyè. Ti òde nìkan ni wọ́n ń bó. Awọ inú á wá dá òmíràn. (Igi mutuba tí àwọn ará Bùgáńdà ń lu èèpo rẹ̀ di aṣọ ní Ùgáńdà náà máa ń hu èèpo mìíràn, wọ́n sì máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bó o tán, bí ìgbà tí a bá di egbò.)

Àáké ni wọ́n fi ń bó sobreiro títí dòní, láàárín oṣù Èbìbí sí oṣù Ògún, nígbà tí omi ara igi ń ṣàn tí èèpo sì máa ń já wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Bí àáké bá wọlé jù, á gún awọ inú, igi á sì fi ojú egbò yẹn gbé ayé. Igi gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin Pọ́túgà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọdún 9 ó kéré tán. Kí wọ́n má bàa gbàgbé, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún náà sára igi: 4 fún 2024. Èèpo àkọ́kọ́ máa ń rí wúruwùru, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sàn díẹ̀, àfi ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó lè fi ṣe ìdérí ìgò wáìnì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó gbìn ín ní ọmọ ogún ọdún á ti lé lọ́gọ́ta kó tó rí ìdérí ìgò kan ṣe níbẹ̀. Igi kan wà ní Águas de Moura tí wọ́n gbìn ní 1783. Ó lé lógún ìgbà tí wọ́n ti bó o láti 1820, ní 1991 nìkan ó mú kìlógíráàmù 1,200 jáde.

Ohun tó kan ilé wa nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èèpo wúruwùru àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú ti ẹ̀ka tí wọ́n gé àti àjẹkù ilé-iṣẹ́ ìdérí ìgò. Àwọn ni wọ́n ń lọ̀ di pátákó ògiri. Aláìwúlò nínú ìdílé ló wá di ẹni tó ń gba ìdílé sílẹ̀ lọ́wọ́ ariwo.

Àwọn ará àtijọ́ mọ kọ́ọ̀kì, àmọ́ wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ ariwo. Pliny, ará Róòmù tó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń so ó mọ́ àwọ̀n apẹja kó má bàa rì, wọ́n ń fi dí ẹnu ìkòkò, àwọn obìnrin sì ń fi ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà nígbà òtútù. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ títí di 1665, nígbà tí Robert Hooke, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi abẹ mímú gé e pẹlẹbẹ tó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó rí yàrá kéékèèké tó so kọ́ra wọn bí afárá oyin. Ó pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo àwa tí a ṣe báyọ́lọ́jì ní girama ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ara èèpo igi kọ́ọ̀kì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i? Hooke ṣírò pé nínú ègé kan tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 1,200 lọ. Afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn, ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan sì dí pa. Òun ló jẹ́ kó fúyẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Òun náà ló fà á tí kọ́ọ̀kì fi máa ń tẹ̀ tí ó tún ń padà bọ̀ sípò bí nǹkan bá lù ú, dípò kó gbé ìlù náà kọjá.

Ilé tí a kọ́kọ́ rí tí wọ́n fi èèpo yìí bo inú rẹ̀ káàkiri wà ní Sintra, nítòsí Lisbon. Ní 1560, Álvaro de Castro kọ́ ilé kan sáàárín àpáta fún àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà. Convento dos Capuchos ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní ilé kọ́ọ̀kì. Yàrá ibẹ̀ kéré débi pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè wọlé, wọ́n sì fi èèpo igi bo ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àjà. Lójú tiwa, òtútù àti ọ̀rinrin òkè Sintra ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kàn bá a wọlé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sá fún ayé nítorí àdúrà kò ní kọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn mọ́ńkì wà níbẹ̀ títí di 1834, nígbà tí ìjọba Pọ́túgà fòpin sí gbogbo irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ariwo fúnra rẹ̀ kò di ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò àfi nígbà tí ìlú ńláńlá ń kún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1844, Elijah Galloway gba ìwé àṣẹ lórí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Kamptulicon: èérún kọ́ọ̀kì tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà, tí wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ni wọ́n tẹ́ sí ilé-ìkàwé ńlá British Museum tó ṣí ní 1857, kí ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ má bàa dààmú àwọn tó ń kàwé. Ní àwọn ọdún 1860, Frederick Walton gbé linoleum dé, tí òun náà ní èérún kọ́ọ̀kì nínú, ó sì tàn dé ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri. Ọ̀kan nínú wa sọ pé bí wọ́n bá tẹ́ irú rẹ̀ sí ilé-ìkàwé tiwa, gìgísẹ̀ bàtà àwọn kan ò ní máa sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n ti dé. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Pátákó kọ́ọ̀kì tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri dé nípasẹ̀ àṣìṣe. Ìtàn tí àwọn oníṣẹ́ kọ́ọ̀kì máa ń sọ ni pé John Smith kan wà ní New York, tó ń fi èérún kọ́ọ̀kì ṣe ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Ní 1891, agolo kan tó kún fún èérún náà yí lọ bá iná láìsẹ́ni tó fura. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èérún inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ti di odidi dúdú kan tó le, láìsí gọ́ọ̀mù kankan. Oje tó wà lára èèpo náà ló lẹ̀ ẹ́. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á di èérún sínú àpótí irin, wọ́n á fẹ́ ooru omi tó gbóná ju 300°C lọ sí i, èérún á wú, oje á yọ́, pátákó á sì jáde. Armstrong, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Pittsburgh ní 1860 pẹ̀lú ìdérí ìgò, wà lára àwọn tó sọ pátákó yìí di ọjà ńlá. Ilé tí wọ́n ń kó ẹran àti yìnyín sí ló kọ́kọ́ rà á, ilé tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tẹ̀ lé e.

Ní Harvard, ní 1895, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ní Fogg Art Museum, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan máa ń lọ káàkiri inú gbọ̀ngàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5.5 kó tó kú, ọ̀rọ̀ mìíràn á sì ti gorí rẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì kan, Wallace Sabine, wá nǹkan ṣe sí i. Lóru, nígbà tí ìlú bá ti sùn, Sabine máa ń kó tìmùtìmù láti Sanders Theatre wá, á fun fèrè, á fi aago ka iye ìgbà tí ìró náà fi kú, á sì dá tìmùtìmù padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ ìró nínú ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ la fi mọ ohun tó ṣe páálí ẹyin wa. Kí ìró má ṣe gbohùngbohùn nínú yàrá jẹ́ ọ̀ràn kan. Kí ìró ìta má wọlé jẹ́ ọ̀ràn mìíràn pátápátá. Ohun rírọ̀ tó ní ihò, bíi tìmùtìmù, kọ́tínì àti páálí ẹyin níwọ̀nba, máa ń gba ìró tó wà nínú yàrá mu. Ariwo tó ń bọ̀ láti ìta kò bìkítà fún ohun rírọ̀. Ohun tó wúwo tí kò sì ní àlàfo ló ń dá a dúró, bí ògiri amọ̀ ilé àwọn bàbá wa tó nípọn tó apá kan. Ibi tí kọ́ọ̀kì ti lágbára jù ni ìkẹta: ìró tó ń gba ara ilé rìn, bí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè, odó, tàbí ẹ̀rọ tó ń mì. Bí ẹ bá tẹ́ kọ́ọ̀kì sábẹ́ ilẹ̀ tàbí sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ti já okùn tí ìró náà ń gbà kọjá.

Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni Marcel Proust, òǹkọ̀wé Faransé. Ní òpin 1906 ó kó lọ sí ilé ìbátan rẹ̀ kan ní nọ́ńbà 102, Boulevard Haussmann, ní Párísì. Títì ńlá ni, ariwo kì í sinmi níbẹ̀. Àsímà ń bá a jà, òru ló fi ń kọ̀wé, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ní 1910, nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí etí òkun ní Cabourg, ó ní kí wọ́n fi kọ́ọ̀kì bo ògiri àti àjà yàrá ibùsùn rẹ̀. Ó wà nínú yàrá yẹn títí di 1919, níbẹ̀ ló sì ti kọ apá tó pọ̀ jù nínú À la recherche du temps perdu. Èéfín oògùn àsímà tó ń jó nínú yàrá sọ kọ́ọ̀kì náà di dúdú.

Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró sí nìyẹn: òǹkọ̀wé lẹ kọ́ọ̀kì, ariwo kú, ìwé ńlá jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà eyín kan, ará Amẹ́ríkà, Charles Williams, wà lókè rẹ̀ nínú ilé kan náà, ibẹ̀ ló ti ń tọ́jú aláìsàn, àwọn oníṣẹ́ sì máa ń wá kan nǹkan níbẹ̀. Proust ń kọ lẹ́tà sí ìyàwó dókítà náà. Lẹ́tà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 lé lógún, díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti lẹ kọ́ọ̀kì tán. Ó ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí obìnrin náà, ó ń kí i, ó ń bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òòlù àárọ̀ ń pa òun. Kọ́ọ̀kì náà kò ti ṣàṣìṣe. Ara ògiri àti àjà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, nígbà tí òòlù ń gba ara ilé wá láti òkè. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ yàrá dókítà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, bóyá lẹ́tà náà ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fóòmù tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe àti òwú gíláàsì gba ọjà lọ́wọ́ kọ́ọ̀kì, nítorí owó wọn kéré, wọn kì í sì í dúró de igi. Ní báyìí tí gbogbo ayé ń wá ohun tí kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ó ń padà bọ̀. Pọ́túgà sọ sobreiro di igi orílẹ̀-èdè wọn ní 2011. Ẹ ò lè gé e láìgba àṣẹ. Ní 2019, wọ́n parí ilé kan ní Eton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ògiri àti òrùlé rẹ̀ jẹ́ kìkì bíríkì kọ́ọ̀kì dúdú, tí wọ́n tò láìfi gọ́ọ̀mù tàbí sìmẹ́ǹtì so wọ́n pọ̀. Ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ilé yíyà fi àwòrán rẹ̀ hàn wá bí ẹni tó ń fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn.

Ní tiwa, a ò ní owó pátákó Pọ́túgà, a sì ti gbà báyìí pé kì bá tí gbà wá bó ti wù kí ó pọ̀ tó. A tú páálí ẹyin kúrò. A fi aṣọ àlòkù dí gbogbo ihò etí fèrèsé, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà wọlé ni ariwo ń gbà, ìyẹn nìkan sì ṣe ju páálí lọ. A gé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rọ́bà mẹ́jọ tó ti gbó, a bẹ onílé, ó jẹ́ kí a tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀. Ilẹ̀ yàrá wa kò mì mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ṣe bíi Proust. A kọ lẹ́tà. Nígbà tí a mú ti ìyá aláta lọ, a kúnlẹ̀ kí i, a kà á fún un, ó sì la ẹnu sílẹ̀ ń wò wá.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó ní, "láti bí oṣù mẹ́ta tí ẹ ti wà níbẹ̀ yẹn, kí ló dé tí ẹ ò wá sọ fún mi?" Ó ní títí a ó fi parí ìdánwò, òun ò ní lọ ata kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́tà ilé àdúrà ṣì wà lórí tábìlì. A ti kọ ọ́ tán, a ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì sí ẹni tó gbà láti mú un lọ.